Wọ́n lè bèèrè owó oṣù mi, ṣé wọ́n lè bèèrè ilé mi náà?

Ìbéèrè àwọn òǹkàwé. Akọ̀wé fáìlì àgbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá ló ń dáhùn.

Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni mí, Level 10 ni mo wà, Nyanya sì ni èmi àti ọkọ mi ń gbé pẹ̀lú àwọn ọmọ wa. Ẹgbẹ́ kan kọ lẹ́tà FOI, ìyẹn ìwé tí òfin gbà kí aráàlú fi bèèrè àkọsílẹ̀ ìjọba, sí iléeṣẹ́ wa pé àwọn fẹ́ mọ iye òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ àti owó tí ìjọba ń san fún wọn. Èmi ò bínú sí ìyẹn. Àmọ́ nominal roll, ìyẹn ìwé orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́, ni ọ̀gá wa ní kí wọ́n kó fún wọn, bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Orúkọ wa wà níbẹ̀, ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà fóònù, adírẹ́sì ilé, báǹkì àti nọ́ńbà àkáǹtì, títí dórí orúkọ àti nọ́ńbà ẹni tí a fi ṣe next of kin. Kò pẹ́ tí mo fi rí i lórí WhatsApp ìjọ wa ní Mararaba. Láti ìgbà náà ni àwọn ayánilówó orí fóònù ti ń pè mí láàárọ̀ lálẹ́, tí ọkùnrin kan sì pe ìyá mi ní Ìkìrun pé mo ti ní jàǹbá mọ́tò, kí wọ́n tètè fowó ránṣẹ́. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n fi í ránṣẹ́. Ṣé òfin FOI ló ní kí wọ́n ṣe wá báyìí? Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní New Jersey ní òfin wà lọ́dọ̀ tiwọn tó ń bo adírẹ́sì òṣìṣẹ́ ìjọba mọ́lẹ̀. Ṣé a ní irú ẹ̀ ní Nàìjíríà?
Ìyá Ìbejì, Nyanya

Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ bá mi kí Màmá ní Ìkìrun, ẹ ní mo ní wọ́n kú ewu, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí wọ́n rí irú ẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ yín dùn mí wọra, nítorí òfin tí wọ́n fi bojú tí wọ́n fi kó yín síta yìí gan-an ló ní kí wọ́n má kó yín síta.

Òfin FOI, tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí lọ́jọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 2011, fún gbogbo ènìyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè àkọsílẹ̀ tó wà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba, kò sì di dandan kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ẹgbẹ́ tó kọ̀wé yẹn kò ṣe ohun tó burú. Kódà abala kejì òfin náà pàṣẹ pé kí iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀ gbé orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ jáde, pẹ̀lú owó oṣù wọn, ipò wọn àti ọjọ́ tí wọ́n gbà wọ́n síṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó bèèrè. Ó yẹ kí a gba ìyẹn mọ́ra. Owó aráàlú ni wọ́n fi ń san wá, mo sì gbà tọkàntọkàn pé obìnrin tó ń ta tòmátì ní ọjà Wuse lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ iye tí ẹni tó wà ní Level 10 ń gbà, kó sì mọ orúkọ ẹni náà.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣí òfin náà dé abala 14. Ibẹ̀ ló ti ní dandan ni kí iléeṣẹ́ kọ̀ bí ẹnì kan bá bèèrè ohun tó ní àlàyé ara ẹni nínú, ó sì ka fáìlì àwọn òṣìṣẹ́ mọ́ ọn, àti ti àwọn tí wọ́n yàn sípò, ti àwọn tí a dìbò fún, títí kan ti àwọn tó ṣì ń wá iṣẹ́ lọ́wọ́. Kò fi í sílẹ̀ kí ọ̀gá máa wò ó bó ṣe wù ú. Ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ: kí ẹni tó ni àlàyé náà fọwọ́ sí i, tàbí kí àlàyé náà ti wà ní gbangba tẹ́lẹ̀, tàbí kí àǹfààní tó wà nínú sísọ ọ́ fún aráàlú ju àṣírí ẹni náà lọ ní kedere. Nọ́ńbà àkáǹtì yín kò bá ọ̀kankan mu nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ti Màmá ní Ìkìrun tún burú ju ìyẹn lọ, nítorí wọn kì í tilẹ̀ ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba.

Níbi tí òfin náà ti ṣàlàyé ohun tó ń pè ní àlàyé ara ẹni, ó yọ ohun tó jẹ mọ́ iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ ń ṣe fún aráàlú kúrò nínú rẹ̀. Èyí ló yẹ kí gbogbo akọ̀wé máa fi wọn ìwé tó bá wà níwájú rẹ̀. Ìwé tí mo fọwọ́ sí kí wọ́n tó sanwó fún kọngílá, ti aráàlú ni. Ìrìn àjò tí ìjọba sanwó rẹ̀ fún mi, ti aráàlú ni. Ìwé àyẹ̀wò ara tí dókítà fún mi nígbà tí mo fẹ́ wọṣẹ́, tèmi ni, ilé tí mò ń sùn ní Kubwa sì jẹ́ tèmi bákan náà.

Ọjọ́ ìbí ló le díẹ̀, mi ò ní parọ́ fún yín. Òṣìṣẹ́ ìjọba ń fẹ̀yìn tì nígbà tó bá pé ọmọ 60 ọdún tàbí tó bá ti lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Àwọn kan sì wà tí wọ́n ń gé ọjọ́ orí wọn kù kí wọ́n lè pẹ́ nídìí iṣẹ́. Bí ẹ̀sùn gidi bá wà lórí ọ̀gá kan pé ó ti ṣe bẹ́ẹ̀, mo rò pé aráàlú lè bèèrè ọjọ́ ìbí ọ̀gá yẹn, kí iléeṣẹ́ sì fi òṣùwọ̀n àǹfààní aráàlú wò ó. Ìyẹn kò sọ pé kí wọ́n kó ọjọ́ ìbí gbogbo òṣìṣẹ́ síta látorí mẹ́sáńjà dé orí akọ̀wé àgbà. Ọjọ́ tí wọ́n gbà wọ́n síṣẹ́ ti wà nínú ohun tí òfin ní kí wọ́n gbé jáde, ẹni tó bá fẹ́ ka ọdún 35 lè ti ibẹ̀ kà á.

Inú registry, ìyẹn ibi tí wọ́n ń kó fáìlì pamọ́ sí, ni mo ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́nu iṣẹ́ ní Federal Secretariat, mo sì mọ ohun tó máa ń wà nínú fáìlì ènìyàn. Lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ wà nísàlẹ̀ pátápátá. Lórí rẹ̀ ni ìwé ìbí tàbí ìwé ìbúra ọjọ́ orí, ìwé dókítà, fọ́ọ̀mù next of kin, ìwé ìgbéyàwó fún obìnrin tó yí orúkọ padà, fọ́ọ̀mù APER tí wọ́n fi ń yẹ iṣẹ́ òṣìṣẹ́ wò lọ́dọọdún, query àti èsì rẹ̀. Lẹ́tà tí obìnrin fi tọrọ àyè nígbà tí oyún bàjẹ́ lára rẹ̀ lè wà láàárín lẹ́tà ìgbéga méjì. Ẹ̀bẹ̀ ọkùnrin tó fẹ́ kí wọ́n gbé òun lọ sí Ìbàdàn nítorí pé ìyàwó rẹ̀ ń ṣàìsàn lè wà lẹ́yìn ìwé owó ìrìn àjò. Ní registry tiwa, fáìlì kì í jáde láìjẹ́ pé ẹni tó gbé e fọwọ́ sí káàdì, kí a sì kọ ọjọ́ àti ẹ̀ka tó gbé e lọ. Àwọn ọ̀dọ́ tó bá wa níbẹ̀ máa ń rò pé a kàn ń fi ayé ni wọ́n lára. Ohun tí ènìyàn kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni ní ọ́fíìsì ló ń bẹ nínú fáìlì yẹn.

Wàyí o, ohun tó yẹ kí iléeṣẹ́ yín ṣe kò tilẹ̀ le. Abala 18 òfin FOI ní bí ohun tó yẹ ká fúnni àti ohun tí kò yẹ ká fúnni bá wà nínú ìwé kan náà, kí a yọ èyí tí kò yẹ kúrò, kí a sì kó ìyókù fún ẹni tó bèèrè. Ṣùgbọ́n yíyọ ọ̀hún ní ọgbọ́n nínú, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ akọ̀wé tí ọkàn wọn mọ́ ti ń kó sí wàhálà. Nominal roll sábà máa ń wà lórí Excel. Bí ẹ bá kàn fi kọ́lọ́ọ̀mù adírẹ́sì pamọ́, ẹni tó gba fáìlì yóò tẹ bọ́tìnnì kan, gbogbo rẹ̀ yóò sì jáde padà. Kí a ṣí fáìlì tuntun, kí a kó kìkì orúkọ, ipò, owó oṣù àti ọjọ́ ìgbanisíṣẹ́ sínú rẹ̀, òun ni kí a fi ránṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ PDF ni a lẹ àmì dúdú mọ́ lórí, ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ ṣì lè wà níbẹ̀ tí ènìyàn á kàn fi máúsì fà á yọ. Bí ó bá sì jẹ́ bébà la fi máákà kùn, ẹ gbé e síwájú iná, ẹ ó rí i pé ẹ ṣì lè kà á. Ẹ kùn ún, ẹ ṣe fọ́tókọ́pì rẹ̀, ẹ̀dà fọ́tókọ́pì yẹn ni kí ẹ kó fún wọn, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé abala 14 lẹ tẹ̀ lé tí ẹ fi yọ àwọn ibì kan.

Ohun tó ń dùn mí jù lọ nìyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí lára mi. Púpọ̀ nínú àlàyé òṣìṣẹ́ tó ń jò kì í gba ọ̀nà FOI jáde rárá. Ẹ rìn kiri inú àwọn ọ́fíìsì ìjọba nígbà tí wọ́n bá ń ṣe verification. Ẹ ó rí orúkọ àti ọjọ́ ìbí lórí pátákó ìkéde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, níbi tí ẹni tó wá ta gúgúrú náà lè dúró kà á. Akọ̀wé ẹ̀ka á ju Excel tí nọ́ńbà àkáǹtì gbogbo ènìyàn wà nínú rẹ̀ sórí WhatsApp ẹ̀ka, kí oníkálukú bàa lè yẹ tirẹ̀ wò. Ẹni tí wọ́n rán lọ tẹ̀ ẹ́ jáde á gbé e sínú flash, á kó o sórí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù fọ́tókọ́pì ní Area 1, á sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n á tún wá gbé orúkọ àwọn tó ń ṣọjọ́ ìbí nínú oṣù kọ́, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù wọn, kí a lè kí wọn. Mi ò fara mọ́ àṣà yẹn nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, mi ò sì fara mọ́ ọn títí dòní. Ẹni tó bá fẹ́ kí a kí òun á sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀ láìsí pé ẹnì kankan kọ lẹ́tà sí ìjọba. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí oníròyìn kan bá bèèrè iye tí wọ́n fi ra mọ́tò ọ̀gá, lọ́jọ́ yẹn gan-an ni wọn yóò rántí pé àṣírí ṣe pàtàkì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Bwari tàbí Kuje mọ ìdí tí mi ò fi lè fojú kéré adírẹ́sì ilé. A ti rí ibi tí wọ́n ti wọ inú ilé lọ gbé ènìyàn lóru. Owó oṣù nìkan kò pa ẹnikẹ́ni lára, tábìlì owó oṣù ìjọba ti wà níta látọjọ́ pípẹ́. Ìgbà tí owó oṣù, orúkọ, adírẹ́sì àti nọ́ńbà ìyá ẹni bá wà lórí ìlà kan náà ni ewu dé, nítorí ó ti sọ iye tí wọ́n lè béèrè, ibi tí wọ́n lè wá àti ẹni tí wọ́n lè pè. Ẹni tó pe Màmá ní Ìkìrun, orí ìlà kan ṣoṣo ló ti rí gbogbo ohun tó nílò.

Ẹ̀gbọ́n yín kò parọ́ nípa New Jersey. Ní oṣù keje ọdún 2020, lọ́yà kan tó ń di adájọ́ sínú múra bí ẹni tó wá fi ẹrù jíṣẹ́, ó lọ sílé adájọ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń jẹ́ Esther Salas, ó yìnbọn pa Daniel ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ 20 ọdún, ó sì ṣe ọkọ rẹ̀ léṣe. Ó ti kó àlàyé nípa ilé àti ìgbé ayé wọn jọ kó tó lọ. Kí ọdún yẹn tó parí ni New Jersey ṣe òfin tí wọ́n fi orúkọ ọmọ náà pè, tí ó ń dáàbò bo adírẹ́sì ilé àti nọ́ńbà fóònù àwọn adájọ́, àwọn agbẹjọ́rò ìjọba, àwọn ọlọ́pàá àti ẹbí wọn. Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣe tiwọn fún àwọn adájọ́ ìjọba àpapọ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 2022. Ẹ wò ó dáadáa, owó oṣù adájọ́ kò sí lára ohun tí wọ́n bò. Ilé àti fóònù ni. Tiwa ní abala 14 sì gbòòrò ju tiwọn lọ, nítorí gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba ló kàn, látorí adájọ́ dórí ẹni tó ń gbá ọ́fíìsì. Èyí tó ṣẹ́ kù sí wa lọ́wọ́ ni ká máa tẹ̀ lé e.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe nísinsìnyí. Ẹ kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ yín, kí ẹ bèèrè ohun tí wọ́n kó fún ẹgbẹ́ yẹn, ọjọ́ tí wọ́n kó o àti ẹni tó fọwọ́ sí i. Òfin Ìdáàbòbò Dátà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ohun tí wọ́n ní nípa yín àti ẹni tí wọ́n fún. Òfin kan náà ní bí àlàyé ènìyàn bá jò lọ́nà tó lè pa á lára, kí iléeṣẹ́ fi tó NDPC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìdáàbòbò dátà, létí láàárín wákàtí 72 tí wọ́n bá ti mọ̀, kí wọ́n sì sọ fún ẹni tó kàn bí ewu náà bá pọ̀. Bí iléeṣẹ́ bá ń fà á nílẹ̀, ẹ fẹjọ́ sun NDPC fúnra yín, Àbújá níbí ni wọ́n wà. Ẹ fi àwòrán ojú ewé WhatsApp yẹn sí i. Lọ́yà tún lè bá yín gbé e lọ sílé ẹjọ́ fún owó gbà-má-bínú, ó sì lè fi abala 37 ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 gbè é lẹ́sẹ̀, torí òun ló dáàbò bo àṣírí ọmọ Nàìjíríà, ilé rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ orí fóònù rẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí ẹgbẹ́ tó bèèrè náà tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀. Àwọn tó mọ iṣẹ́ wọn níṣẹ́ yóò yọ ohun tí wọn kò bèèrè kúrò níta. Ẹ sọ fún báǹkì yín. Kí ẹ̀yin àti Màmá sì fẹnu kò sórí ìbéèrè kan tí ẹlòmíràn ò lè dáhùn, bóyá orúkọ tí bàbá yín máa ń pè yín nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé, kí wọ́n máa bi ẹnikẹ́ni tó bá ní kí wọ́n fowó ránṣẹ́ nítorí yín.

Mà, ẹ kú àárọ̀. Kàdúná ni wọ́n ti bí mi, Sabon Tasha sì ni mò ń gbé. Iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan wà ládùúgbò wa, tíṣà tí à ń rí níbẹ̀ kò pé mẹ́ta, ṣùgbọ́n àwọn òbí ń sọ pé orúkọ tó wà lórí ìwé owó oṣù pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo kọ̀wé sí iléeṣẹ́ ìjọba kan pé kí wọ́n fún mi ní orúkọ àti ipò àwọn tíṣà iléèwé náà. Wọ́n ní àṣírí ara ẹni ni, wọ́n tún ní òfin FOI kò kan ìjọba ìpínlẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?
Ọmọ Kàdúná

Ọmọ mi, méjèèjì kì í ṣe òótọ́. Ó pẹ́ tí àwọn ìpínlẹ̀ ti ń sá sẹ́yìn ọ̀rọ̀ pé òfin Àbújá ni FOI, pé Ilé Aṣòfin tiwọn kò tíì fọwọ́ sí i. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ti parí àríyànjiyàn yẹn ní oṣù kẹrin ọdún 2025, nínú ẹjọ́ tó wá láti ìpínlẹ̀ Edo. Wọ́n ní òfin náà kan ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀. Kọ ọ́ sínú lẹ́tà rẹ tó ń bọ̀.

Ní ti àṣírí, ìwọ kò bèèrè àṣírí. Orúkọ tíṣà àti ipò rẹ̀ wà lára ohun tí iléeṣẹ́ yẹ kó ti gbé jáde fúnra rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n gbà á àti owó oṣù rẹ̀ náà sì wà níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ tí kò sí, tí owó ń jáde ní orúkọ rẹ̀, jẹ́ àrùn tó ti bá wa jìnnà. Ó wà lára ìdí tí ìjọba àpapọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ IPPIS, ètò orí kọ̀ǹpútà fún sísan owó oṣù, ní ọdún 2007. Bí ẹnì kan bá wá ń fi abala 14 bo orúkọ tí kò ní ènìyàn lẹ́yìn, ó ń ba òfin tó ń dáàbò bo Ìyá Ìbejì jẹ́. Èyí ń bí mi nínú ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ. Ọ̀gá tó sọ gbogbo nǹkan di àṣírí ló ń jẹ́ kí aráàlú máa rò pé ẹ̀tàn ni àṣírí, tí ẹnikẹ́ni kò fi ní káàánú ẹni tí adírẹ́sì rẹ̀ bá jáde lóòótọ́.

Ṣùgbọ́n ìwọ náà, má bèèrè ohun tí o kò nílò. Má bèèrè nọ́ńbà fóònù àwọn tíṣà, má bèèrè ibi tí wọ́n ń gbé, NIN tàbí báǹkì wọn. Bí tíṣà kan kò bá sí níléèwé nítorí àìsàn, iléeṣẹ́ lè sọ fún ọ pé ó wà nínú ìsinmi tí wọ́n fọwọ́ sí, láti ọjọ́ báyìí dé ọjọ́ báyìí. Ohun tó ń ṣe é kò kàn ọ́, kò sì kan èmi náà. Ìwọ rántí ọdún 2017, nígbà tí ìjọba Kàdúná kéde pé tíṣà 21,780 ló kùnà ìdánwò tí wọ́n fi ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kẹrin ṣe. Iye yẹn nìkan ti tó láti jẹ́ kí gbogbo Nàìjíríà mọ bí ilé ṣe ń jó, ẹnikẹ́ni kò nílò máàkì tíṣà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó wọ̀ ọ́ létí. Nígbà mìíràn iye ni kí o bèèrè. Nígbà mìíràn orúkọ ni, bíi tìrẹ yìí, nítorí pé o fẹ́ fi orúkọ wé ojú.

Tún lẹ́tà náà kọ. Sọ ohun mẹ́rin tí abala kejì dárúkọ, sọ orúkọ iléèwé, kí o sì sọ fún wọn pé bí ohun mìíràn bá wà nínú ìwé náà tó jẹ́ ti ara ẹni, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò gẹ́gẹ́ bí abala 18. Ìlà yẹn á gba àwáwí lẹ́nu wọn. Ọjọ́ méje ni òfin fún wọn láti dáhùn, wọ́n sì lè fi ọjọ́ méje mìíràn kún un bí ìdí bá wà. Owó tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ rẹ kò ju owó ẹ̀dà àti owó ìdàkọ lọ, bó bá pọn dandan. Bí wọ́n bá kọ̀, o ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti lọ sílé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ sì lè ní kí wọ́n san ìtanràn 500,000 náírà bó bá rí i pé wọ́n kàn fi ń dù ọ́ ni. Gba ìwé tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù pé wọ́n ti rí lẹ́tà rẹ. Má fi sílẹ̀ lọ́wọ́ gétímáànù.

Ìyá wa, nọ́ọ̀sì ni mí nílé ìwòsàn ìjọba kan ní Minna. Mo kúrò lọ́dọ̀ ọkọ mi nítorí pé ó ń nà mí. Ó wá sí ọ́fíìsì wa nígbà tí mi ò sí níbẹ̀, ó ní ọkọ mi lòun, wọ́n sì fún un ní adírẹ́sì tuntun tí mo fi sínú fáìlì. Nígbà tí mo fẹjọ́ sùn, akọ̀wé ní òun ṣì ni next of kin mi. Ṣé wọ́n jàre?
Nọ́ọ̀sì, Minna

Àbúrò mi, wọn kò jàre rárá. Ẹ kọ́kọ́ wá ibòmíràn sùn kí ẹ tó parí kíka ìwé yìí, bí ẹ kò bá tíì ṣe bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì lọ fi tó ọlọ́pàá létí. Àwọn agbẹjọ́rò obìnrin FIDA máa ń ran obìnrin lọ́wọ́ lórí irú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ kàn sí wọn.

Next of kin ni ẹni tí iléeṣẹ́ máa pè bí nǹkan bá ṣe yín. Kò sọ ọ́ di ẹni tó ni fáìlì yín. Òfin dátà ọdún 2023 ní ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ènìyàn fún iṣẹ́ kan, kí wọ́n má fi ṣe ohun mìíràn tí kò bá a mu. Adírẹ́sì tí ẹ fún wọn, nítorí iṣẹ́ ni ẹ ṣe fún wọn. Ní registry tiwa, ẹni tó bá wá sọ pé òun ni ọkọ, àna tàbí ẹ̀gbọ́n òṣìṣẹ́, a máa ń ní kí ó jókòó, kí a pe òṣìṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ bóyá ó fẹ́ rí i. Kò sí ohun tó ju bẹ́ẹ̀ lọ tí a lè ṣe fún un, ìbáà jẹ́ pé ó mú ìwé ìgbéyàwó dání.

Ẹ yí fọ́ọ̀mù next of kin padà lónìí, kí ẹ fi ẹni tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé sí i, kí ẹ sì yí ti PFA yín, iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì yín, náà padà, nítorí ọ̀tọ̀ ni tiwọn. Ẹ kọ lẹ́tà sí olórí ilé ìwòsàn pé kí wọ́n má fún ẹnikẹ́ni ní adírẹ́sì, nọ́ńbà tàbí àkókò iṣẹ́ yín láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ sí i. Bèèrè pé kí wọ́n yọ roster kúrò lára ògiri ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, kí wọ́n gbé e sínú yàrá àwọn nọ́ọ̀sì, nítorí ẹni tó mọ alẹ́ tí ẹ ń ṣiṣẹ́ kò nílò adírẹ́sì yín mọ́. Kí lẹ́tà náà wọ inú fáìlì yín, kí wọ́n fún un ní nọ́ńbà ojú ewé, kí ẹ sì gba ẹ̀dà tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù. Ẹ̀dà yẹn ni ẹ ó fi ránṣẹ́ sí NDPC pẹ̀lú ẹjọ́ yín.